Másùnmáwo àti wíwá ọmọ: ìbéèrè tí àwọn tó ń retí oyún máa ń bèèrè

Ẹni tó bá ti ń wá ọmọ fún oṣù mélòó kan á mọ gbólóhùn yìí dáadáa: "Sáà fọkàn balẹ̀, wàá lóyún." Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo fi gbọ́ ọ kí èmi náà tó lóyún. Àwọn tó sọ ọ́ fún mi fẹ́ràn mi, mi ò jiyàn ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo kó jọ síbí ni àwọn ìbéèrè tí mo bèèrè nígbà yẹn, àtàwọn tí àwọn obìnrin àti ọkọ wọn ń bi mí láti ìgbà náà. Mi ò kì í ṣe dókítà, torí náà kò sí ohun tó wà níbí tó yẹ kó dí yín lọ́wọ́ láti rí dókítà.

Ṣé lóòótọ́ ni másùnmáwo lè dí obìnrin lọ́wọ́ láti lóyún?

Ó lè lọ́wọ́ nínú ẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ òun nìkan ló wà ńdìí ọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní másùnmáwo ò ṣe nǹkan kan, àwọn mìíràn á ní òun ni gbogbo ẹ̀. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 wo tọkọtaya 501 ní Michigan àti Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe ń wá ọmọ. Wọ́n gba itọ́ àwọn obìnrin náà, wọ́n sì wọn èròjà kan tó ń jẹ́ alpha-amylase nínú ẹ̀, èyí tó máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ara ò bá balẹ̀. Àwọn tí èròjà yìí pọ̀ jù lára wọn, àǹfààní tí wọ́n ní láti lóyún lóṣù kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó kéré jù lára wọn. Wọ́n wọn kọ́tísọ́ọ̀lù náà, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí họ́mọ́ònù másùnmáwo, ṣùgbọ́n òun ò fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Bí mo ṣe lóye ẹ̀ ni pé másùnmáwo lè fa ọwọ́ aago sẹ́yìn fún àwọn kan. Kò fi hàn pé ó ń ti ilẹ̀kùn pa.

Ẹ tún rántí pé kódà tọkọtaya tí ara wọn le, tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí, àǹfààní tí wọ́n ní lóṣù kan ò ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí oyún, bí ara ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún tọkọtaya, àwọn tó lé ní 80 ló máa ń lóyún láàárín ọdún kan.

Báwo gan-an ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara?

Apá kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus. Òun ló ń darí ẹyin obìnrin, ó sì ń ṣe é bí ẹni tó ń lu aago: á lù, á dúró, á tún lù. Ní ìdajì àkọ́kọ́ oṣù obìnrin, nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 sí 90 ló máa ń wà láàárín lílù kan sí èkejì. Ìró yìí ló ń sọ fún kókó kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ pé kó tú họ́mọ́ònù FSH àti LH sínú ẹ̀jẹ̀. FSH ló ń mú kí ẹyin dàgbà nínú ilé ẹyin, LH ló sì ń mú kó já.

Tí ara bá wà nínú ìpayà fún ìgbà pípẹ́, kọ́tísọ́ọ̀lù àtàwọn họ́mọ́ònù tó ń bá a rìn lè mú kí aago yẹn falẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé ara ń sọ pé, "Àkókò yìí kọ́ ló yẹ ká gba àlejò." Ẹyin lè pẹ́ kó tó já lóṣù yẹn, ó sì lè má já rárá. Ìdí nìyẹn tí nǹkan oṣù àwọn kan fi máa ń pẹ́ lẹ́yìn ọ̀fọ̀ tàbí nígbà ìdánwò ńlá, tó sì máa ń padà bọ̀ sípò fúnra ẹ̀.

Lára àwọn díẹ̀, aago yẹn máa ń dákẹ́ pátápátá, nǹkan oṣù á lọ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àníyàn nìkan kọ́ ló sábà máa ń fà á. Èèyàn á ti rù, tàbí kì í jẹun tó, tàbí ó ń ṣe eré ìdárayá ju bí oúnjẹ tó ń jẹ ṣe lè gbé e lọ, àníyàn á wá gorí ẹ̀. Èyí ni ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ìtọ́jú ọkàn ti fi hàn kedere pé ó lè dá ẹyin padà. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà mú obìnrin 16 tí irú èyí ń ṣe, wọ́n jẹ́ kí 8 nínú wọn máa rí onímọ̀ nípa ìrònú fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, wọ́n sì kàn ń wo 8 yòókù. Ilé ẹyin 7 lára àwọn àkọ́kọ́ yẹn tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú àwọn yòókù, 2 péré ni. Àwọn èèyàn inú ìwádìí náà ò pọ̀, àmọ́ tí nǹkan oṣù yín bá ti lọ, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe ń jẹun àti bí ẹ ṣe ń sùn pẹ̀lú.

Nǹkan oṣù mi ń wá déédéé, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ṣé àníyàn ò ti ń ba ẹyin mi jẹ́?

Tí ó bá ń wá láàárín ọjọ́ 21 sí 35, tí ẹ sì lè sọ ọ̀sẹ̀ tó máa dé, ó ṣeé ṣe gan-an pé ẹyin yín ń já. Àníyàn yín ń fìyà jẹ yín, mo gbà, àmọ́ kò jọ pé òun ló dá aago dúró. Ẹ wá ìdí náà síbòmíràn.

Gbogbo èèyàn ní kí n má ronú mọ́, pé ìgbà tí mo bá gbàgbé ni oyún á dé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí òun ló jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí tó kù.

Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, èmi nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹni tó kọ́kọ́ rí mi nílé ìwòsàn ò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ pẹ̀lú mi. Ó wo ìwé ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kò sí nǹkan kan, pé mò ń ronú jù, kí n lọ sinmi. Mo sì sinmi. Mo fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sínú kí wọ́n tó mí síta. Lóṣooṣù, màá gbé igi àyẹ̀wò oyún síwájú iná, màá yí i síhìn-ín, màá yí i sọ́hùn-ún, bóyá ìlà kejì á yọ. Tí mo bá wá rí ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mi ò sinmi dáadáa tó. Àní ìsinmi gan-an ti di ohun tí mò ń dààmú nípa ẹ̀.

Lọ́dún kẹta, dókítà mìíràn bi wá ní ìbéèrè tí ẹnì kankan ò tíì bi wá rí: "Ẹ̀yin ọkọ, ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò àtọ̀?" Ojú ìwé kan ṣoṣo ni èsì náà. Iye àtọ̀ ọkọ mi kéré gan-an, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lápò kórópọ̀n ẹ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, mo sì lóyún lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn ló ń rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì fi ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn mí ni ọdún méjì tí mo fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara mi nítorí nǹkan tí kò sí lára mi.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ "má ronú mọ́" gbà ń pa èèyàn lára nìyẹn. Ó ń di ẹ̀bi ru obìnrin, ó sì ń dá àyẹ̀wò dúró, nígbà tí ọjọ́ orí ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lè ti dí. Ó lè jẹ́ PCOS, tí kì í jẹ́ kí ẹyin já déédéé. Ó lè jẹ́ ìju inú ilé ọmọ, tàbí àìsàn táírọ́ọ̀dù (kókó kan tó ń ṣe họ́mọ́ònù lọ́rùn), tàbí àtọ̀. Kò sí èyí tí ìsinmi ń wò sàn nínú wọn.

Ibi tí okùn tó so másùnmáwo àti àìrí ọmọ pọ̀ ti nípọn jù ni pé àìrí ọmọ ló ń fa másùnmáwo. Ìwádìí kan lọ́dún 1993 fi ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ wéra pẹ̀lú ti àwọn tó ní àìsàn líle, ó sì rí i pé ó tó ti àwọn tó ní jẹjẹrẹ àti àwọn tó ń gbàtọ́jú àìsàn ọkàn. Ta ló máa ń sọ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ pé kó má ronú mọ́?

Àmọ́ mo mọ ẹnì kan tó gba ọmọ tọ́, tó sì lóyún kété lẹ́yìn náà.

Gbogbo wa la mọ ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Ìtàn ẹ̀ dùn, ìdí nìyẹn tá a fi ń rántí ẹ̀. Àwọn tó gba ọmọ tọ́ tí wọn ò sì lóyún rárá, kò sẹ́ni tó ń ròyìn wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí ka iye wọn, wọn ò rí i pé gbígba ọmọ tọ́ ń mú kí oyún pọ̀ sí i. Ọmọ tí ẹ bá gbà tọ́ kì í ṣe oògùn, ọmọ yín ni.

Ọkọ ńkọ́? Ṣé másùnmáwo ń kan àtọ̀ náà?

Ó ń kàn án. Másùnmáwo tó pẹ́ lè dín họ́mọ́ònù ọkùnrin kù, àwọn ìwádìí kan sì ti rí i pé àtọ̀ àwọn ọkùnrin tó wà nínú ìnira máa ń kéré, tí kì í sì í rìn dáadáa. Ara ọkùnrin máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 74 láti ṣe àtọ̀, torí náà àtọ̀ tó máa jáde lónìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti bí oṣù méjì ààbọ̀ sẹ́yìn. Tí ọkùnrin bá pa sìgá tì lónìí, tó dín ọtí kù, tó sì ń sùn dáadáa, kó fún ara ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta kó tó tún àyẹ̀wò ṣe.

Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí oyún ò tètè dé fún, ọwọ́ ọkùnrin wà nínú ẹ̀, bóyá òun nìkan tàbí pẹ̀lú ti ìyàwó. Síbẹ̀ àyẹ̀wò tiẹ̀ ló rọrùn jù: inú ike kan ni, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí gígùn lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi mílíọ̀nù 16 nínú mìlílítà kan ṣe ààlà ìsàlẹ̀ fún iye àtọ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021. Ẹni tí tiẹ̀ kéré sí i ṣì lè bímọ, àmọ́ ó yẹ kí dókítà mọ̀.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò mọ̀: tó bá rẹ̀ yín, tí ẹnì kan sì ní kí ẹ gba abẹ́rẹ́ testosterone, ìyẹn họ́mọ́ònù ọkùnrin, kí agbára yín lè padà, ẹ má gbà á nígbà tí ẹ bá ń wá ọmọ. Ó ń sọ fún ọpọlọ pé họ́mọ́ònù ti pọ̀ tó, ọpọlọ á sì dá ṣíṣe àtọ̀ dúró.

Ìbálòpọ̀ wa ti di iṣẹ́. Kí la fẹ́ ṣe?

Mo mọ yàrá yẹn. Fóònù á dún láago mẹ́wàá alẹ́ pé òní ni ọjọ́ tí oyún lè dé. Ọkọ jókòó sétí ibùsùn, ó ti bọ́ bàtà kan, èkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìyàwó ti dùbúlẹ̀, ó ń ka wákàtí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kejì láti ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn, torí pé àwọn ọjọ́ yẹn "ò wúlò". Ara ọkọ kọ̀ láti dìde, ìyàwó rò pé òun ò wù ú mọ́, ọkọ rò pé òun ò ṣe é bí ọkùnrin. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ síra wọn tí wọ́n fi sùn.

Mo gbà gbọ́ pé ibí ni másùnmáwo ti ń ṣe ọṣẹ́ jù: kì í jẹ́ kí tọkọtaya bára wọn sùn tó. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, nígbà tí ẹyin kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ. Torí náà ọjọ́ mẹ́fà ni oyún lè dé lóṣù kan: ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú kí ẹyin já, àti ọjọ́ tó já gan-an. Tí ẹ bá ń bára yín sùn ní ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta jálẹ̀ oṣù, ẹ ò lè tàsé rẹ̀, ẹ ò sì nílò kí nǹkan kan pàṣẹ fún yín. Tó bá jẹ́ pé ara ọkọ ló ń kọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, kì í ṣe àìlera. Ìpayà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara.

A fẹ́ ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Ṣé tí mo bá ń bẹ̀rù, ó lè bà á jẹ́?

Ẹ sunkún tí ẹkún bá gbọ̀n yín. Lọ́dún 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé iṣẹ́ kan jáde tó kó ìwádìí 14 jọ, lórí obìnrin 3,583, wọ́n sì rí i pé ìnira ọkàn tí obìnrin ní kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ò pinnu bóyá oyún á dé tàbí kò ní dé. Ìgbà tí mo kà á, mo jókòó sílẹ̀.

Ohun tí másùnmáwo ń ṣe fún àwọn tó ń gba IVF ni pé ó ń mú kí wọ́n fi ìtọ́jú sílẹ̀ kó tó yẹ. Torí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ilé ìwòsàn bóyá wọ́n ní ẹni tí ẹ lè máa bá sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ pinnu iye ìgbà tí ẹ máa gbìyànjú kí ẹ tó sinmi.

Oyún mi bàjẹ́ lẹ́yìn ìjà ńlá kan. Ṣé ìjà yẹn ló fà á?

Ẹ pẹ̀lẹ́. Púpọ̀ nínú oyún tó ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ pé kurọmọsómù ọmọ náà, ìyẹn okùn tíntìntín tó ń gbé àbùdá, ò pé tàbí ó pọ̀ jù láti ọjọ́ tí ẹyin àti àtọ̀ pàdé. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí ìjà náà tó ṣẹlẹ̀.

Kí wá ni mo lè ṣe sí másùnmáwo náà?

Ẹ tọ́jú ẹ̀ torí pé ẹ̀yin fúnra yín yẹ ní ìtọ́jú, yálà oyún dé tàbí kò dé. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sinmi torí kó lè lóyún á tún máa yẹ ìsinmi ẹ̀ wò lóṣooṣù bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò.

Oorun ló kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́. Èkejì ni pé mo dẹ́kun àyẹ̀wò oyún kí ọjọ́ tó pé. Ọkọ mi ló ń tọ́jú wọn, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní fún mi àfi tí nǹkan oṣù bá ti fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé a pín àwọn ẹbí: òun ló ń dá àwọn èèyàn tiẹ̀ lóhùn, èmi ń dá tèmi, gbólóhùn kan náà la sì ń sọ, pé "Tí ìròyìn bá wà, ẹ máa gbọ́." Rírìn lójoojúmọ́ dára. Bíbá onímọ̀ nípa ìrònú sọ̀rọ̀ dára ju gbogbo ẹ̀ lọ, pàápàá tó bá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní CBT, tó ń kọ́ èèyàn bó ṣe lè yí ìrònú àti ìṣe ẹ̀ padà. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí èèyàn máa ń sá lọ bá nígbà tí ọkàn ò bá balẹ̀, torí sìgá àti ọtí ń pa oyún lára ju àníyàn fúnra ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń lo oògùn fún ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí oyún. Ẹ bá ẹni tó kọ ọ́ fún yín sọ̀rọ̀. Tó bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun, tí oorun ò sí, tàbí tí ẹ ń ronú pé ó sàn kí ẹ má sí láyé, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹni náà sì mú yín lọ sílé ìwòsàn.

Ìgbà wo ló yẹ ká lọ rí dókítà?

Tí obìnrin ò bá tíì pé ọdún 35, lẹ́yìn ọdún kan tí ẹ ti ń bára yín sùn déédéé láìfètò sí ọmọ bíbí. Tó bá ti pé 35, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Tó bá ti lé ní 40, tàbí tí nǹkan oṣù kì í wá déédéé, tàbí tó ń roni lára débi tí ẹ ò fi lè ṣiṣẹ́, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ ní abẹ́ rí, ẹ má dúró rárá. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ, kí àyẹ̀wò àtọ̀ sì wà lára èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Tí ẹnì kan níbẹ̀ bá ní másùnmáwo ni, láìtíì yẹ ohunkóhun wò, ẹ fi sùúrù bi í pé: "Àyẹ̀wò wo lẹ fi mọ̀?" Ẹ sì lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ ò dá wà. WHO sọ lọ́dún 2023 pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́fà láyé ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí nígbà kan nínú ìgbésí ayé ẹ̀.

Àbúrò mi ló ń wá ọmọ. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ má sọ pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹ má bi í ní "báwo ló ṣe ń lọ" níwájú àwọn èèyàn. Tí ẹ bá lóyún ní tiyín, ẹ sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀ kó tó gbọ́ ọ lóde, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ sunkún tó bá fẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ tún dé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sílé mi. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fọ gbogbo abọ́ tó wà nílẹ̀ láti àná, ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ tún ń lọ sílé ìwòsàn? Mo fẹ́ bá ẹ lọ."